Ohùn bàbá mi há, ọkàn wọn sì ń rẹ̀wẹ̀sì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Yàgbà, Leeds:
Ẹ̀yin èèyàn mi, okun o. Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi ní Ìsánlú. Ẹsẹ̀ ti ń padà, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Ẹnu ni ò padà. "Okun o" nìkan ló ń jáde geere. Bí wọ́n bá fẹ́ béèrè omi, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ, wọ́n á bínú, wọ́n á sunkún. Wọn ò jáde síta mọ́. Bí mo bá pè lórí fídíò, ògiri ni wọ́n ń kọjú sí. Àwọn kan nílé ní ayé ló gba ohùn wọn. Kí ni mo lè ṣe láti ìhín?

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, Toronto:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ayé kọ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń ṣètò ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wa. Bí rọpárọsẹ̀ bá bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ á há. Aphasia ni dókítà ń pè é. Nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá mú, ó máa ń bá nǹkan bí ẹnì kan. Ìkíni, orin, àdúrà àti òǹkà tó ti mọ́ni lẹ́nu sábà máa ń ṣẹ́ kù, ìdí nìyẹn tí "okun o" fi ń jáde.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ lórí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀. Làákàyè wọn ò lọ. Aphasia Institute wà ní ìlú tí mo wà yìí, wọ́n ń kọ́ ìdílé láti sọ ọ́ jáde pé: "Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀." Sọ ọ́ fún bàbá, ní èdè Yàgbà gan-an, má fi Yorùbá ìwé sọ ọ́.

Kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n lè mi orí sí ni kí ẹ bi wọ́n: ṣé omi ni? ṣé oògùn ni? Kí ẹ sì tún un bi, torí "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" lè ṣì wọ́n lẹ́nu. Ẹ fún wọn láyè. Ẹ má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn.

Ìbànújẹ́ náà, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Ìwé ìbéèrè kan wà tó ń jẹ́ Stroke Aphasic Depression Questionnaire. Aláìsàn kọ́ ló ń dáhùn rẹ̀, ará ilé ni: ṣé wọ́n ń sunkún, ṣé oorun wọn ń dàrú, ṣé wọ́n ń yẹra fún ojú ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀? Kíkọjú sí ògiri tí o sọ yẹn, ara rẹ̀ ni. Fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí dókítà wọn. Bí wọn ò bá jẹun mọ́, tàbí tí wọ́n bá fi hàn pé ikú yá wọn, má dúró dọ̀la.

Bàbá Kàbbà, Houston:
Ìyàwó mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi náà. Ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀, díẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ ò wá mọ́. Ìyẹn dùn mí ju apá lọ. Ọkùnrin kan wá, rọpárọsẹ̀ bíi tèmi. A jọ jókòó. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Wá irú rẹ̀ fún bàbá.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, Toronto:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Àbúrò, iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe?

Ọmọ Yàgbà, Leeds:
Kajú ni wọ́n ń rà, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá wọn ṣe é báyìí.

Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, Toronto:
Ẹ má gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní Nottingham, wọ́n dán irú ìtọ́jú kan wò fún àwọn tó ní aphasia: wọ́n ń wá ohun tí èèyàn fẹ́ràn, wọ́n ń dá a padà sínú ọjọ́ rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ọkàn àwọn tó gbà á fúyẹ́ ju ti àwọn tí kò gbà á.

Ọmọ Yàgbà, Leeds (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta):
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Wọ́n gbé àga fún bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n. Àbúrò mi ka àpò mẹ́ta fún obìnrin kan. Bàbá na ìka mẹ́rin sókè. Wọ́n tún un kà, mẹ́rin ni. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí rọpárọsẹ̀ mú lésìí ti ń wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jọ ń kọ orin ìjọ, ọ̀rọ̀ orin náà sì ń jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Lálẹ́ àná mo pè. Bàbá ní, "Okun o." Wọn ò yíjú.