Báwo ni onídìrí ṣe lè pe oníbàárà wá ní àwọn oṣù tí ọjà kì í tà?

Onídìrí Òṣogbo (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ irun. Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Irun dídì, irun kíkó, irun fífọ̀, stímà àti rílásà ni à ń ṣe, ọmọ iṣẹ́ méjì sì wà lọ́dọ̀ mi. Láti ìdajì oṣù kọkànlá títí di alẹ́ àìsùn ọdún tuntun, a kì í ráyè jẹun, ṣùgbọ́n bí owó ilé-ìwé àti owó ilé bá ti dé ní oṣù kìíní, àga á kàn dá wà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí nígbà ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rí ní oṣù keje tí òjò bá ń rọ̀ ṣáá. Oṣù kẹjọ sàn díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, nítorí pé ọdún Ọ̀ṣun máa ń kó àlejò wọ ìlú, ẹni tó bá sì ń lọ júbà olóòyà iyùn kò ní í gbé irun játijàti lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó ni mo fẹ́ bi yín. Ẹnìkan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi gbé pátákó síta pé òun ti yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú gbogbo owó irun fún odindi oṣù kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ní kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á tán, nítorí pé àwọn tí mò ń ra àtáṣímẹ̀ǹtì àti epo lọ́wọ́ wọn kò yọ nǹkan kan fún èmi, ẹgbẹ́ wa sì ní iye tí a kò gbọdọ̀ gbà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí a fi lè pe àwọn ènìyàn wá láìba owó iṣẹ́ jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Olóòyà, Ìbàdàn

Ẹ kú akitiyan, onídìrí Òṣogbo. Ọkàn yín kò tàn yín jẹ. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá ń gba ₦10,000 lórí irun kan, tí àtáṣímẹ̀ǹtì, epo àti àwọn ohun ìlò mìíràn sì kó ₦5,000 lọ nínú rẹ̀, ₦5,000 ló kù sí yín lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ₦2,000 tó lọ yẹn kò ti inú owó àtáṣímẹ̀ǹtì lọ, inú èrè yín ló ti lọ, èrè sì di ₦3,000. Èrè tí ẹ ń rí lórí orí mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó di orí márùn-ún kí ẹ tó rí i. Nínú oṣù tí ẹ ti ń wá ẹyọ oníbàárà kan, níbo ni orí méjì tó lé yẹn yóò ti wá? Ẹni tó sì ti san ₦8,000 ní oṣù kejì yóò bi yín ní oṣù kẹrin pé kí ló dé tí owó irun fi wọ́n.

Ohun tó ń ṣòfò lọ́dọ̀ wa nígbà tí ọjà bá kú, ọwọ́ ni. Àga wà, ọmọ iṣẹ́ wà, gbogbo wọn jókòó. Nítorí náà, ẹ fi owó irun sílẹ̀ ní iye tó wà, kí ẹ wá máa fi ohun tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ṣe èènì. Ẹni tó bá fọ irun tó sì lo stímà, ẹ bá a di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ṣe irun olówó ńlá, ẹ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin fi òwú kó irun. Èyí kò rú òfin ẹgbẹ́, nítorí pé iye tí ẹ gbà ni ẹgbẹ́ ń wò. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti bu owó ìtanràn lé onídìrí lórí nítorí èènì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni irun títú. Irun alátáṣímẹ̀ǹtì tí ẹ dì ní oṣù kejìlá kò yẹ kí ó pẹ́ lórí ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, irun tó ti já sínú rẹ̀ yóò lọ́ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ẹ̀bá iwájú orí yóò sì máa re. Èyí ni pé láti ìparí oṣù kìíní wọ inú oṣù kejì, gbogbo àwọn tó tò síwájú ṣọ́ọ̀bù yín nígbà Kérésìmesì ló ní irun tó yẹ ní títú lórí, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi gèlè bò kiri nítorí pé wọn kò rí ẹni tí yóò jókòó bá wọn tú u. Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe irun mìíràn lọ́dọ̀ yín láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, ẹ ó bá a tú ti àtijọ́ láìgba owó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni yóò ṣe é, kò sì ní í ná yín ní nǹkan kan. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta kún un o, nítorí pé ìgbéyàwó àti òde yóò mú ènìyàn wá lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, bí oṣù náà ti wù kó le tó.

Àmọ́ kò ṣeé ṣe láìsí ìwé. Ẹ kọ orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà rẹ̀, irú irun tí ó ṣe àti ọjọ́ tí ó ṣe é sílẹ̀. Ẹni tó ṣe rílásà, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá ti pé, ẹ pè é. Ẹni tó di irun, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ ní, “Àǹtí, irun tí a dì fún yín kí Kérésì tó dé ti tó tú o, ẹ yọjú sí wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ kan á ti máa dúró dè yín.” Ìpè bẹ́ẹ̀ ń ṣe ju pátákó lọ.

Ọkọ Onídìrí, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni Ìyá Olóòyà sọ, ẹ kú làákàyè, Mà. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá ìyàwó mi kọ ìwé owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò gbà pé kí á sá fún ẹ̀dínwó pátápátá. Ibì kan wà tí ó ti bá ìṣirò mu: orí díráyà.

Lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sábẹ́ díráyà, èrè yín ń jó pẹ̀lú epo. Epo tí yóò sì jó fún ẹni mẹ́ta kò tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹnì kan. Nítorí náà, ẹ yan wákàtí méjì tàbí mẹ́ta fún fífọ̀, stímà àti gbígbẹ irun ní ọjọ́ kan tàbí méjì láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dín owó kù fún ẹni tó bá mú ẹlòmíràn méjì wá sí àkókò yẹn. Ẹ̀dínwó yẹn ti inú epo tí ẹ kò jó wá ni, kò ti inú owó iṣẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀ fún àwọn tí àdúgbò wọn wà ní ìpele A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná wọn kúrò ní nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo ènìyàn ló pariwo, àwa náà pariwo. Síbẹ̀, díráyà tó ń lo wáàtì 1,000 fún wákàtí kan, yúnìtì kan péré ló jẹ, èyí kò sì tó owó epo jẹnẹrétọ̀. Bí iná yín bá dúró ṣinṣin, ẹ lè fi stímà ṣe ohun tí ẹ ó máa polówó.

Kí ẹ̀dínwó tí ẹ bá ṣe ní ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ kọ ọ́ hàn gbangba. Bí ẹ bá sì ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rántí pé àwọn tó ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù wọn nìkan ló ń rí i gbà. Ní oṣù kejìlá tí èrò pọ̀, kí oníbàárà tó dìde lórí àga ni kí ẹ ti ní kí ó fi nọ́ńbà yín pamọ́.

Oníbàárà, Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń san owó náà sọ tèmi. Ohun tí kì í jẹ́ kí n padà sí ibi tí wọ́n ti polówó ni pé, bí mo bá ti jókòó tán, tí wọ́n ti tú orí mi sílẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi pé owó àtáṣímẹ̀ǹtì kò sí nínú iye tí mo rí, pé owó fífọ̀ náà yàtọ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú iye yín àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Èkejì ni pé bí ẹ bá pè mí wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ọ̀gá wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ lè tú irun mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó fi orí mi kọ́ṣẹ́ láìjẹ́ pé a ti jọ sọ ọ́. Ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fọ́tò orí mi sí ojú ìwé yín. Ìyá ọkọ mi náà ní fóònù.

Onídìrí Ilé-Ifẹ̀

Ìyá ọkọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín o.

Kì í ṣe oṣù nìkan ló ń pa ọjà. Ẹ̀gbẹ́ fásitì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì, ASUU, sì yanṣẹ́ lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, kò sí èènì tí ì bá mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lọ ilé wá. Àwọn ará ìlú ló gbé wa ró: àwọn olùkọ́bìnrin, àwọn ìyálọ́jà, àti irun àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń fún àwọn òbí ní ìwé irun sáà, tí wọ́n kọ irun ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ìyá ọmọ, kí ó san owó sáà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yọ owó ọ̀sẹ̀ kan kúrò fún un. Owó irun ọmọdé kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwú tàbí ọwọ́ lásán ni a fi ń ṣe é, ìyá tó bá sì ń mú ọmọ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yóò jókòó lọ́jọ́ kan.

Ní ti ààwẹ̀, òṣùpá ni kí ẹ máa fi ṣe ètò yín. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 1 oṣù kẹta ni ààwẹ̀ Ràmàdáànù bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú Eérú tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù náà, tó fi jẹ́ pé òde ìgbéyàwó àwọn Mùsùlùmí àti ti ọ̀pọ̀ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ààwẹ̀ Ràmàdáànù ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yára dé lọ́dọọdún, nítorí náà oṣù tó kú lọ́dún yìí lè má jẹ́ òun ni yóò kú ní ọdún mẹ́ta sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ṣe èènì, nítorí pé bí Ìtúnu bá ti ń sún mọ́lé, wọn yóò wá fúnra wọn. Ẹ ta kọ́tìn sí igun kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ẹni tí kì í fi irun hàn lójú ọkùnrin lè jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣínu.

Àjọ irun ló kù. Láti oṣù kejì ni mo ti ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́, mo sì ń fàmì sí káàdì wọn, títí owó irun Kérésìmesì wọn yóò fi pé. Owó ń wọlé ní oṣù tí ọjà kú, wọn kì í sì í lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní oṣù kejìlá.

Onídìrí Òṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Irun títú ni n ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa wá nọ́ńbà àwọn tó wá ní oṣù kejìlá. Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, bí àtáṣímẹ̀ǹtì bá wọ́n ju bó ti wà lọ kí oṣù kejìlá tó dé ńkọ́, nígbà tí ẹ ti gba owó tán?

Onídìrí Ilé-Ifẹ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni àjọ mi ń san fún, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí àtáṣímẹ̀ǹtì wọ inú rẹ̀, mo máa ń ra tirẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ bá ti tó o, n ó lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lára, n ó sì fi pamọ́ dè é. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni owó yòókù wà. Bí oníbàárà bá kó lọ sí ìlú mìíràn kí ọdún tó parí, gbogbo rẹ̀ ni mò ń dá padà fún un.