Ta ló mọ ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn igbó àti ẹyẹ ní Bristol?

Ọmọ Ifẹ̀: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti dé Bristol, ilé ẹ̀kọ́, ibi iṣẹ́ àti yàrá mi nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí mo wà ní OAU, ọgbà ẹranko ni mo máa ń lọ bí ọkàn mi bá wúwo. Ibo ni mo ti lè rí àwọn tó fẹ́ràn irú ẹ̀ níbí? Ṣé wọ́n á sì gba ẹni bíi tèmi?

Àǹtí Iléṣà: Àbúrò, o káre tóo béèrè. Òkèsà ni mo ti ń kọ èyí, mo wálé ọdún ni, àmọ́ Bristol náà ni mò ń gbé. Avon Wildlife Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú igbó àti ẹranko lágbègbè wa, ni kóo wá. Má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni kóo lọ.

Oṣù Kẹfà ni mo kọ́kọ́ bá wọn jáde, wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́, ó di etí odò. Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní Himalayan balsam la lọ fà tu. Òdòdó rẹ̀ rẹwà, àmọ́ ńṣe ló ń bo àwọn ewéko yòókù mọ́lẹ̀. Tí òtútù bá wá pa á, etí odò á ṣófo, omi á sì máa wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ. Kí èso rẹ̀ tó gbó lèèyàn gbọ́dọ̀ fà á, torí tó bá ti gbó, bóo bá fọwọ́ kàn án báyìí, á bẹ́ táú, irúgbìn á fọ́n káàkiri. Mi ò mọ orúkọ igi kankan níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ ro oko kòkó, ṣé èyí ló máa le fún un? Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń bi mí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀yìn ò fi dùn mí.

Ọjọ́ tí mo wá di ọmọ ilé gan-an ni ọjọ́ tá a lọ sí Somerset, àgbègbè kan nítòsí Bristol. Mo rí ẹyẹ funfun láàárín màlúù. Lékèélékèé! Mo pariwo, mo na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i. Wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ fún wọn bí a ṣe máa ń bẹ̀ ẹ́ ní kékeré pé kó fún wa ní èékánná funfun. Ni bàbá àgbà kan bá ní ọdún 2008 ni ẹyẹ yẹn kọ́kọ́ yé, tó pamọ nílẹ̀ àwọn, ní Somerset náà sì ni. Àlejò bíi tèmi! Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti rí i, èmi ni wọ́n ń pè.

Ra bàtà òjò. Ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn, kóo sì yẹ ara rẹ wò dáadáa tóo bá délé.

Ọmọ Ifẹ̀: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní, kò ní kó bá mi?

Bàbá Ìbejì, Manchester: Ọ̀nà méjì ni. Èyí tóo kàn yọ̀ǹda ara rẹ fún, tóo lè lọ tàbí kóo má lọ, kò sí wàhálà. Èyí tó ní àdéhùn nínú, wọ́n máa ń kà á mọ́ wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ lọ́sẹ̀. Béèrè nílé ẹ̀kọ́ rẹ kóo tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Àǹtí Iléṣà: Òótọ́ ni. Mo máa ti padà kí oṣù Kìíní tó parí. Ìparí oṣù náà ni RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, máa ń ní kí gbogbo èèyàn fi wákàtí kan ka ẹyẹ, ibi ìgbafẹ́ àdúgbò wa ni àwa ti máa ń kà á. A jọ máa lọ, mú tíì gbígbóná dání.

Àwọn lékèélékèé kan ń tẹ̀lé màlúù lẹ́yìn ilé wa níbí báyìí. Mo ti ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí bàbá àgbà yẹn.