Overdrive kì í ṣe àpọ̀jù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ wíwá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àpótí jíà. Ẹni tó dábàá "ìwakọ̀-àpọ̀jù" fún overdrive, jíà òkè tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọra yí lórí eré, gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń ṣi ni lọ́nà. Kò sí ohun tó pọ̀jù níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé irin tó ti ìdí àpótí jíà jáde ń yí ju ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo Chevrolet C10 ti 1967 sí 1972, pikọ́ọ̀pù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ò yéé tún ṣe. Àwọn kan nínú wọn gbé àpótí SM465 tó ní jíà mẹ́rin. Ní jíà kìíní, ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìgbà 6.55 kí irin náà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ní ìkẹrin, ọ̀kan sí ọ̀kan ni, ó sì parí síbẹ̀. Bí jíà àárín táyà ẹ̀yìn bá jẹ́ 3.73 (ìgbà tí irin náà ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tí táyà ga ní ínṣì 28, ẹ́ńjìnnì á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 2,690 ní ìṣẹ́jú kan lórí eré máìlì 60 ní wákàtí. Gbé TKX sí i, àpótí jíà márùn-ún ti ilé-iṣẹ́ Tremec, tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 0.72 péré kí irin náà tó yí lẹ́ẹ̀kan ní jíà karùn-ún, ó di nǹkan bí 1,930. Eré kan náà ni o. Ta ló máa pe ìyẹn ní àpọ̀jù?

"Àyíjù" tí ẹlòmíràn mú wá sàn díẹ̀, torí yíyí ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó bá yí jù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ojú rẹ̀ ti jẹ nìyẹn.

"Jíà ìdẹ̀ra" ni mo fara mọ́ fún overdrive. Àwọn kan ní wọ́n á ṣì í gbọ́ sí fíríì. Rárá: fíríì kò fa nǹkan kan, ìdẹ̀ra ṣì ń fa ọkọ̀. Orúkọ náà tún ń kọ́ awakọ̀ ní ìlò rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń fi ìdẹ̀ra gbẹ́rù gun òkè. Ìkẹrin tàbí ìkẹta la ń padà sí.

"Pààrọ̀ jíà" tí a ń lò fún yíyọ àpótí kan láti fi òmíràn sí i náà ń dà wá láàmú. Awakọ̀ ń ṣe ìyẹn lójú títì nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ ká máa sọ "pààrọ̀ àpótí jíà", ká má gé e kúrú, torí iṣẹ́ náà ò kúrú. Eyín 10 ló wà lẹ́nu irin SM465 tó wọnú kílọ́ọ̀ṣì, 26 ni ti TKX, nítorí náà díìsì kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò ní wọ̀ ọ́. Irin tó gbé àpótí dúró lábẹ́ ọkọ̀ máa ṣípò. Ẹ má sì gé irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn kí àpótí tó jókòó, kí ìwúwo ọkọ̀ sì wà lórí táyà, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni ilé kílọ́ọ̀ṣì, tó so àpótí mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan ní kó "tọ́". Ojú rẹ̀ lè tọ́ kí ihò rẹ̀ má sì sí lọ́gangan kíránkì. "Ọ̀gangan" ni ọ̀rọ̀ tó yẹ níbí. Tremec kò fẹ́ kí ihò náà yà kúrò lọ́gangan kíránkì ju ínṣì 0.005 lọ, bó bá yà jù, jíà á máa kọ̀ láti wọlé, bẹ́árìn iwájú á sì tètè jẹ. Ẹ rántí pé ìlọ́po méjì ìyàtọ̀ ni abẹ́rẹ́ ìwọ̀n, tí a fi ń yí ihò náà ká wò ó, ń kà: 0.010 lójú rẹ̀, 0.005 ni.

Píìnì tó ń mú ilé kílọ́ọ̀ṣì dúró lára ẹ́ńjìnnì, tí a fi ń tún ọ̀gangan náà ṣe, wà ní ínṣì 0.007, 0.014 àti 0.021, orí rẹ̀ méjèèjì kò sí lójú ìlà kan. "Píìnì wíwọ́" ni mo ń pè é títí ẹnì kan fi máa mú èyí tó sàn wá.