Wide receiver tó ń lọ sí draft: ẹ sọ èyí tí ẹ fojú ara yín rí

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹrin ń sún mọ́lé, draft NFL tún ti dé (ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá, máa ń yan àwọn ọmọ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì), ariwo ò sì jẹ́ ká gbádùn mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun. Gbogbo ẹni tó bá ti wo fídíò oníṣẹ́jú méjì lórí fóònù ló ti di ògbógi. Mo bẹ̀ yín, ẹni tó bá ti sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ wide receiver wò rí (ẹni tó máa ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù), yálà ọmọ yín ló gbá a ni o, yálà ẹ ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni o, ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.

Èmi á ṣíwájú. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì níbí ní Texas, yàrá fídíò ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ rówó jẹun. Àwa la máa ń gorí òkè lọ ya ìdánrawò, àwa la sì máa ń ṣètò fídíò fún àwọn scout, àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kiri, tó bá wá láti NFL. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti dé, kọfí lọ́wọ́, wọ́n á wọ yàrá kan, wọ́n á paná, ó di ọ̀sán.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í béèrè touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun pápá. Wide receiver kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àgbà scout kan wọlé, ó ní kí n kó gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù ò ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà wá. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà ṣì ń sáré tọkàntọkàn nígbà tó mọ̀ pé wọn ò ní ju bọ́ọ̀lù sí òun, bóyá ó ń dí cornerback (ẹni tó ń ṣọ́ wide receiver) lọ́wọ́ kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lè ráyè kọjá, àbí ó kàn ń rìn gbẹ̀rẹ́ ní tiẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá jókòó ti ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Cornerback á dúró gbagidi níwájú ọmọ náà, á fẹ́ gbá a láyà kó má lè gbéra. Bàbá yìí á dá a padà, á tún dá a padà, títí ó fi sú mi. Ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ gbé? Ṣé ọwọ́ ló fi gbá ọwọ́ ẹnìkejì dànù ni, àbí àyà ló fi gbà á? Tó bá sáré dé ibi tó ti fẹ́ yà, ṣé ìbàdí rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó yà, àbí ńṣe ló ń to ẹsẹ̀ kéékèèké jọ, tí cornerback á fi ti mọ̀ pé ó fẹ́ dúró? Ó ní ẹni tí àyà rẹ̀ bá gbé sókè kó tó yà ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Fídíò tí wọ́n fi ń wo èyí kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n o. Bọ́ọ̀lù ni kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé. Eré ò tíì lọ jìnnà tí wide receiver á ti kúrò lójú àwòrán. Tiwa, láti òkè ni, gbogbo èèyàn 22 ló ń hàn. Ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀, tó wá ń sọ fún mi pé lágbájá mọ bí wọ́n ṣe ń sá route (ọ̀nà tí wọ́n ní kó sáré gbà), ìran ni mo máa ń fi í wò.

Kí bàbá yẹn tó lọ, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́ọ̀ṣì àgbà sọ ò tó nǹkan. Ẹni tó ń di ẹsẹ̀ wọn ní báńdéèjì ló lọ bá, ó sì tún lọ bá bàbá tó ń fọ aṣọ eré. Bàbá afọṣọ mọ ẹni tó ń kí èèyàn, ó mọ ẹni tí kì í kí.

Bọ̀dá Atlanta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Òǹwòran lásán lèmi, ṣùgbọ́n aago sísáré yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya àwọn èèyàn wa ní wèrè. Ní 2017, John Ross láti yunifásítì Washington sáré 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.22 ní Indianapolis, níbi tí NFL ti ń yẹ àwọn ọmọ wò kí draft tó dé. Ẹgbẹ́ Bengals sáré mú un ní ipò 9, ìyẹn ẹni kẹsàn-án tí wọ́n yàn. Ìfarapa lórí ìfarapa, kò sì ṣe é bí wọ́n ṣe rò. Lọ́dún kan náà, 4.62 ni Cooper Kupp sá. Eastern Washington ló ti wá, ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ rí. Ráùndì kẹta ni Rams tó mú un, ipò 69. Ní sáà 2021, ó gba bọ́ọ̀lù 145, yáàdì 1,947, touchdown 16, òun ló sì ṣáájú gbogbo líìgì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Anquan Boldin ńkọ́? 4.71 ní 2003, ó sì gba bọ́ọ̀lù 101 lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé. Xavier Worthy láti Texas ló wá sá 4.21 ní 2024 tó fi kọjá Ross, síbẹ̀ ipò 28 ni Chiefs ti mú un. Ó jọ pé àwọn tó ń náwó wọn ti ń gbọ́n.

Èyí tí mo fojú mi rí ni ti Olamide Zaccheaus. Oṣù kejìlá 2019, Falcons tó ń gbá fún àti Panthers, mo wà lókè téńté níbi tí tíkẹ́ẹ̀tì ò ti wọ́n ní Mercedes-Benz Stadium. Ọmọ yìí ò ga rárá láàárín wọn, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́jọ péré. Yunifásítì Virginia ló ti jáde lọ́dún yẹn. Ráùndì méjèèje, ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó máa gbà nínú NFL, Matt Ryan ló jù ú, yáàdì 93, ó di touchdown. Mo fò dìde, mo ń pariwo “Ọlámidé! Ọlámidé o!” Òyìnbó tó jókòó tì mí bi mí bóyá àbúrò mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi ni.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Kẹ́hìndé mi gbá wide receiver ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan. (Táíwò ń kàwé oògùn ní tiẹ̀, òun ò dà mí láàmú.) Bàbá wọn ò fẹ́ gbọ́ sí i rárá níbẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò gbé ọmọ wá Amẹ́ríkà kí wọ́n máa gbé e ṣánlẹ̀.

Wọn ò pè é sí Indianapolis, Pro Day ló kù, ọjọ́ tí àwọn scout máa ń wá wo àwọn ọmọ nílé ìwé. Tiwa kéré jù, ilé ìwé ńlá kan tó wà nítòsí ni wọ́n ní kó ti wá ṣe é. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ.

Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ, ó ku ṣòkòtò péńpé. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n. Wọ́n wọn gígùn apá rẹ̀. Wọ́n ní kó ya ọwọ́ kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n wọ̀n ọ́n láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Mo bi ọkùnrin tó mú rúlà lọ́wọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀ ń wá ọkọ fún ọmọ yín ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọwọ́ tó bá fẹ̀ dáadáa ló máa ń di bọ́ọ̀lù mú nínú òjò àti òtútù. Mo ní ó dáa, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ yẹn náà ló ń gún iyán nílé mi.

Ó sáré dáadáa, ó fò dáadáa. Ibi tó dùn mí ni ìgbà tó tó bọ́ọ̀lù gbígbà. Quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà ò bá a ṣe ìdánrawò rí. Kẹ́hìndé á ti yà, bọ́ọ̀lù á lọ síwájú. Á tún un ṣe, bọ́ọ̀lù á wá sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn scout ń kọ̀wé. Ta ló máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bi ò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà á?

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń pe ráùndì kẹrin dé ìkeje, pálọ̀ kún, jọ̀lọ́ọ̀fù kún, fóònù ò dún. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan ní kó wá dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lọ, ó bọ̀. Báńkì ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, orúnkún rẹ̀ sì pé méjèèjì.

Ará Peckham

Mọ́mì, ẹ kú oríire orúnkún o. Ní London níbí, òru la fi ń wò ó. Nelson Agholor ni tèmi. Èkó ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kó o lọ sí Tampa. Láti yunifásítì USC ni ẹgbẹ́ Eagles ti Philadelphia ti mú un ní ipò 20 ní 2015. Ọdún méjì àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará Philadelphia sì ń bú u tìdílétìdílé. Ní 2017 wọ́n gbé e wá sí slot, kó máa ti àárín gbéra dípò ẹ̀gbẹ́ pápá. Oṣù kejì 2018, Super Bowl (àṣekágbá NFL) pẹ̀lú Patriots, bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, yáàdì 84, ife dé. Mi ò lè sùn mọ́, mo kàn wẹ̀ mo lọ síbi iṣẹ́ ni. Ọwọ́ kan náà ni o. Ibi tó ń dúró sí ni wọ́n yí padà.

Àbúrò Onísirò, Chicago

Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo àgbà. Èmi, Excel ni mo fi ń wò wọ́n. Ọjọ́ orí ni mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n: ọdún mélòó ni ọmọ náà nígbà tó di ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbójú lé? Ẹni tó ń ṣe bẹbẹ lọ́mọ ọdún 19, tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, mo máa ń fún un ní máàkì ju ẹni ọdún 23 tó ń ṣe ohun kan náà láàárín àwọn ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ní ibi tó ń fọ́jú sí. Terry McLaurin gba bọ́ọ̀lù 35 péré ní Ohio State ní 2018, èrò pọ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kan ni wọ́n jọ ń pín. Lórí Excel mi, kò jọ nǹkan kan. Oṣù kìíní 2019 mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Mobile ní Alabama, níbi ìdánrawò Senior Bowl, eré àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń lọ sí draft. Ọ̀kan-sí-ọ̀kan ni wọ́n ń ṣe, wide receiver kan, cornerback kan. Ká sòótọ́, eré yẹn fì sí ọ̀dọ̀ wide receiver: pápá gbalasa ni, kò sẹ́ni tó ń lé quarterback, nítorí náà kí ẹ má ka gbogbo ẹni tó bá borí níbẹ̀ kún. Àmọ́ McLaurin ò kàn borí. Cornerback á ti yíjú sápá òsì, òun á ti wà lápá ọ̀tún. Ráùndì kẹta ni ẹgbẹ́ NFL ti Washington mú un, ipò 76, ó gba yáàdì 919 lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹ sì rántí 2020. Ipò 21, Eagles mú Jalen Reagor. Ipò 22, Vikings mú Justin Jefferson. Yunifásítì LSU ti fi Jefferson sí slot jù lọ ní 2019, àwọn kan wá ń ṣiyèméjì bóyá ó lè dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níwájú cornerback tó ń gbáni láyà. Yáàdì 1,400 lọ́dún àkọ́kọ́. Ibi tí kọ́ọ̀ṣì fi ọmọ sí kọ́ ni òpin ohun tó lè ṣe.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston

Àbúrò, ìwọ àti Ará Peckham ti fi Agholor àti Jefferson kọ lẹ́tà sí àwọn kọ́ọ̀ṣì. Èmi á fi DK Metcalf kún un. Ní 2019, ó wọn 228 pọ́n-ùn, ó sì sá 4.33, ẹnu ya gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n ní kó sá yíká kóònù mẹ́ta, 7.38, ó lọ́ra gan-an. Ọrùn rẹ̀ sì ti fara pa ní yunifásítì Ole Miss lọ́dún tó ṣáájú. Ó ṣubú dé ipò 64. Aago méjèèjì ló sọ òótọ́: ó lè sá lọ tààrà, yíyà fùú ló nira. Seahawks kàn rán an níṣẹ́ tó mọ̀ ni, àwọn tó kọjá lórí rẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Houston, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọmọ kan ní high school báyìí, ó ń gbá wide receiver. Ó fẹ́ fi fídíò ránṣẹ́ sáwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Báwo ni kó ṣe é?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mọ́mì. Kó má fi orin sí i. Kó fi àmì yí ara rẹ̀ ká kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Kó má kó touchdown nìkan jọ. Kó fi ibi tó ti bá cornerback jà láti gbéra sí i, kó fi ibi tó ti dí ọ̀nà fún ẹlòmíì sí i. Lẹ́yìn náà kó fi odindi eré kan ṣọwọ́ láìgé nǹkan kan kúrò, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jìyà gan-an ni kó mú.