Ṣé ohun kan náà ló ń ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta àti èmi àgbàlagbà?

Aránṣọ Arákàlẹ̀:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Aṣọ ni mò ń rán ní Arákàlẹ̀, níbí ní Àkúrẹ́, ohun méjì ló sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gé búbà méjì. Ti àárọ̀ ní apá tó fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọṣẹ́ mi sì ti lọ ra òwú ní Ọjà Ọba nígbà tí mo gé e. Ti ọ̀sán ní apá tó fún mọ́ ọwọ́, ìṣojú rẹ̀ sì ni mo gé èyí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé léèsì oníbàárà kan lé e lọ́wọ́, mo ní, "Gé apá rẹ̀ bíi ti àná," mo sì kọjú sí ẹ̀rọ mi. Apá tó fún ló gé. Kí n tó mọ̀, mo ti pariwo pé ṣé kò ní ọpọlọ ni. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi dáhùn: "Ẹ má bínú, mà. Èyí tí mo rí ni mo gé."

Nírọ̀lẹ́, mo yà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ da ẹ̀pà sínú agolo mílíìkì, ó sì lọ wẹ̀. Mo da ẹ̀pà náà sínú kúlà lójú ọmọ wọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, mo wá bi í pé ibo ni bàbá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wò bí ó bá jáde. Kúlà ló nàka sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún méje rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú: "Dádì ò kúkú mọ̀ pé ẹ ti gbé e!" Ẹ̀rín ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n rántí léèsì. Ṣé ohun tó ṣe ọmọ kékeré yẹn ló ṣe èmi náà?

Ọmọ Ìjàpọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀pà yín sì pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ gan-an ni Heinz Wimmer àti Josef Perner gbé jáde ní 1983. Nínú ìtàn tiwọn, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Maxi fi ṣokoléètì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó jáde lọ, ìyá rẹ̀ sì gbé e sínú òmíràn. Ibo ni Maxi yóò wá a sí? Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 3 ń tọ́ka sí ibi tí ṣokoléètì wà ní tòótọ́. Láàárín ọdún 4 sí 5 ni ọ̀pọ̀ wọn ń mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn Maxi yàtọ̀ sí ohun tí àwọn fojú rí. Ọmọ náà kò gọ̀ rárá. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ni kò lè gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ti ọpọlọ, Rebecca Saxe àti Nancy Kanwisher fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2003 pé ibì kan wà lókè ẹ̀yìn etí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TPJ, tó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an bí ènìyàn bá ń ka ìtàn nípa ohun tí ẹlòmíràn gbà gbọ́, ju ìgbà tó bá ń ka ìtàn nípa fọ́tò àtijọ́ tí kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́.

Ṣùgbọ́n a lè ní ọ̀bẹ kí a má fà á yọ. Boaz Keysar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé pẹpẹ oníyàrá-yàrá sáàárín àgbàlagbà méjì, wọ́n dí àwọn yàrá kan kí ẹni tó ń pàṣẹ má baà rí inú wọn. Bí ó bá ní kí wọ́n gbé àbẹ́là kékeré, ojú ẹnìkejì sábà máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sí èyí tó kéré jù lọ, èyí tí apàṣẹ kò tilẹ̀ rí. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, mà, ohun kan náà ni. Àgbà kàn máa ń yára tún un ṣe ni. Ti yín, ẹ ti kọjú sí ẹ̀rọ kí àtúnṣe tó dé.

Tíṣà Àgbà, Oǹdó:

Mo kí gbogbo yín. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú ọmọ ni mo ń wò. Èyí tó bá ní "ó yé mi, sà" tó sì ń wo ilẹ̀, mo mọ̀ pé kò yé e. Kí aránṣọ wa máa wo ojú ọmọṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gbé aṣọ lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Onílù:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ilé wo ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ kó máa wo àgbà lójú tààrà? Ẹni tó yé ń wo ilẹ̀, ẹni tí kò yé náà ń wo ilẹ̀. Ní 2018, Tal Eyal, Mary Steffel àti Nicholas Epley gbé ìdánwò 25 jáde, tí wọ́n ti ní kí àwọn ènìyàn fi ara wọn sípò ẹlòmíràn kí wọ́n tó méfò inú rẹ̀, títí kan wíwo ojú àti kí tọkọtaya méfò ohun tí ẹnìkejì fẹ́. Kò mú kí èfò wọn sàn sí i. Ìgbà tí wọ́n bi onítọ̀hún léèrè ni wọ́n tó mọ̀ ọ́n gan-an.

Èmi tí mò ń lù, ti Elizabeth Newton ló yé mi jù, èyí tó ṣe ní Stanford ní 1990. Ó ní kí àwọn kan fi ìka lu orin lórí tábìlì, kí ẹnìkejì dárúkọ orin náà. Àwọn tó ń lù rò pé ìdajì orin ni àwọn tó ń gbọ́ yóò mọ̀. Nínú orin 120, 3 péré ni wọ́n mọ̀. Orin náà ń dún kíkan lórí ẹni tó ń lù. Kọ́-kọ́-kọ́ lásán ni ẹnìkejì ń gbọ́. "Bíi ti àná" yín náà nìyẹn, mà.

Aránṣọ Arákàlẹ̀:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ra léèsì mìíràn fún oníbàárà. Lónìí, mo bi ọmọṣẹ́ mi pé búbà wo ló rò pé mo ń sọ, ó sì mú èyí tó fún jáde láìjanpata. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ti àárọ̀ wà rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa fi ṣọ́ọ̀kì ya apá sórí pépà kí òun tó gé e. Ní ti ọmọ ẹ̀pà, mo tún bi í. Ó ṣì nàka sí kúlà, ó sì ní kí n bu díẹ̀ fún òun níbẹ̀.