Ogiri ìpàtẹ ń là lókè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pàdé: ibo ni àṣìṣe wà?

AyùnMímú:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgọ́ ìpàtẹ mítà 6 sí mítà 3 ni mo fẹ́ kàn: ogiri ẹ̀yìn kan, ogiri ẹ̀gbẹ́ méjì, gíga wọn 2440 mm. Férémù igi 50 sí 50 mm ni, MDF (pátákó tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) 6 mm ló máa bo ojú rẹ̀, ọ̀dà funfun ló máa gbẹ̀yìn. Pánẹ́ẹ̀lì (abala ogiri) márùn-ún tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1220 mm ni mo ṣírò fún ẹ̀yìn, súkúrù ni a ó sì fi so wọ́n. Irú ogiri yìí máa ń gún régé ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ tó bá dé gbọ̀ngàn, ìsàlẹ̀ á pàdé, òkè á là tó 5 tàbí 6 mm. Ṣé férémù ni, àbí ọ̀nà tí a fi ń so ó?

Ilẹ̀Lákọ̀ọ́kọ́:
Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni. Bí ilẹ̀ bá fi 3 mm péré rẹlẹ̀ láàárín fífẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì kan, pánẹ́ẹ̀lì náà á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gíga rẹ̀ sì rèé, ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀ ni, nítorí náà orí rẹ̀ á fi 6 mm jìnnà sí èkejì. Iye tí ẹ̀ ń rí gan-an nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun dúró, ẹ fi lésà (ẹ̀rọ tó ń tan ìlà iná tó tẹ́jú) wọn ilẹ̀ ní gbogbo ibi tí ìsopọ̀ máa bọ́ sí. Ibi tó ga jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ á jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Àwọn yòókù, ẹ máa ki ike pẹlẹbẹ bọ abẹ́ wọn títí orí gbogbo wọn á fi dọ́gba. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rẹlẹ̀, tó bá dé ibi gíga, kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gé ìdí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e láé, torí gbọ̀ngàn tó kàn kò ní ní irú ilẹ̀ yẹn. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ ogiri ló máa bo àlàfo ike.

Ohun kan tún wà: 1220 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 6100. Kò lè wọ àyè 6000! Ẹ ṣe pánẹ́ẹ̀lì 1196 márùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 5980. 20 mm tó kù yẹn, ẹ ó nílò rẹ̀ bí ogiri aládùúgbò bá fì wọlé. Ogiri ẹ̀gbẹ́ á dúró níwájú ti ẹ̀yìn, ẹ yọ 56 (férémù 50, MDF 6) kúrò nínú gígùn rẹ̀.

IgiTóGún:
Òdodo ọ̀rọ̀ ni ti ilẹ̀, àmọ́ súkúrù náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Eyín rẹ̀ á ti mú férémù àkọ́kọ́ kó tó wọ ìkejì, àlàfo tó bá wà láàárín wọn nígbà náà, ibẹ̀ ló máa dì í sí. Bí ẹ bá sì tú u lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ihò náà á ti fẹ̀.

Bóòtù M8 (èyí tó nípọn tó 8 mm) ni kí ẹ lò, mẹ́ta ní ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ní 150 mm sókè láti ìdí, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní 150 mm sí orí. Ẹ lu ihò 10 mm fún un, kó lè ráyè yẹ̀ díẹ̀. Wọ́ṣà fífẹ̀ ni kó jẹ́, èyí tó kéré á rì sínú igi. Ẹ má fi téèpù wọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Pátákó àwòṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ fi lu gbogbo wọn.

Kíláǹpù ló ń mú ojú pánẹ́ẹ̀lì dọ́gba, bóòtù kàn ń dì í mú ni. Ẹ fi kíláǹpù há wọn pọ̀, ẹ fi ìka ra ojú ìsopọ̀, bí ìka kò bá kọ̀ níbì kankan, ẹ wá mú bóòtù le. Ní ti férémù, ẹ wọn ìdábùú rẹ̀ láti igun dé igun, méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 1 mm lọ.

AyùnMímú:
Ẹ ṣé púpọ̀, ọ̀gá. Ojú ìsopọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n fi pọ́tì (ẹ̀kọ ìdí àlàfo) dí i?

IgiTóGún:
Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa tò ó, ẹ lẹ téèpù bébà kọ́kọ́, kí ẹ tó fi pọ́tì sí i; láìsí téèpù, á sán ní kété tí ẹnì kan bá fara ti ogiri. Bí ẹ ó bá tún un tò, ẹ má dí i rárá. Ẹ gé MDF kó fi 1.5 mm kéré sí férémù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kun etí férémù ní dúdú kí ẹ tó lẹ MDF mọ́ ọn. Bí férémù bá pàdé, ilà tín-ín-rín 3 mm á wà lójú. Àṣìṣe 1 mm kò ní hàn nínú ilà 3 mm, ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí nǹkan pàdé pátápátá, ojú á rí i láti òkèèrè.

Etí MDF máa ń mu ọ̀dà. Ẹ kun ún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọ̀dà àkọ́kun, kí ẹ sì fi sáńpépà ra á láàárín.

ẸrùÒun:
Ṣé wọ́n máa gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ogiri yẹn? MDF 6 mm kò lè gbé e. Pátákó pláíwúùdù 18 mm ni kí ẹ kàn sáàárín òpó férémù kí MDF tó bò ó, kí ẹ sì fi ilà sàmì sí i lẹ́yìn, kí ẹni tó máa lu ihò lè mọ ibi tó wà. Àárín ogiri mítà 6 yìí á máa mì bó tilẹ̀ ní ogiri ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ fi igi onígun mẹ́ta tì í lẹ́yìn, kí ẹ gbé ẹrù wúwo lé ìdí rẹ̀. Bí kò bá sí àyè lẹ́yìn, ẹ fi igi ìdábùú so orí ogiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ níwájú, kí ẹ sì fi igi mìíràn so àárín orí ogiri ẹ̀yìn mọ́ ọn.

Ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì kó wọn sọ́kọ̀ kó jẹ́ pé èyí tí ẹ kọ́kọ́ nílò ló gbẹ̀yìn wọlé.