Ohun tí òfin ìdìbò ń ṣe ni kí orúkọ rẹ̀ sọ

Ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún àtúnṣe ètò ìdìbò ti dé ibi tó yẹ kí a ti yẹ àwọn àbá tó wà nílẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dábàá "ìbò onípò" fún ètò tí olùdìbò fi ń to àwọn olùdíje tẹ̀léra wọn bí ó ṣe fẹ́ràn wọn sí. Wọ́n dábàá "ìdìbò tipátipá" fún òfin tó ní kí gbogbo ẹni tó tó dìbò jáde, "jẹrimándà" fún fífi ààlà ẹkùn ìdìbò rẹ́ni jẹ, "àpéjọ àṣàyàn ará ìlú" fún ìgbìmọ̀ àwọn ènìyàn lásán tí a kó jọ láti gbìmọ̀ lórí ọ̀ràn kan, àti "ìbò ìkọ̀" fún àyè tó wà fún ẹni tí kò fẹ́ olùdíje kankan. Gbogbo wa la gbà pé a nílò àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Èrò tèmi ni pé kí orúkọ sọ ohun tí òfin ń ṣe gan-an, kí ó má yin òfin náà, kí ó má bú u, kí ó má sì ṣèlérí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Bí a bá fi èyí wọn àwọn àbá náà, kò sí ọ̀kan tí kò ní àbùkù.

"Ìbò onípò" ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹni tí kò mọ ètò náà yóò rò pé ìbò àwọn tó wà ní ipò ọlá ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí olùdìbò ń ṣe kò ju pé ó kọ 1, 2, 3 sí iwájú orúkọ àwọn olùdíje lọ. Bí kò bá sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ, a ó yọ ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù kúrò, a ó sì pín ìwé ìbò rẹ̀ fún ẹni tí olùdìbò kọ tẹ̀ lé e. Ọsirélíà ti ń lò ó láti yan àwọn aṣojú-ṣòfin láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé ní 2016. "Ìbò atòléra" ni mo fara mọ́, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ olùdìbò ló sọ. Ti Ireland àti Malta yàtọ̀, nítorí pé aṣojú púpọ̀ ni ẹkùn kan ń yàn níbẹ̀, ìbò tí ẹni tó ti wọlé bá sì ní ju iye tó nílò lọ náà máa ń kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. A lè pe ìyẹn ní "ìbò aṣípò", kí a má baà pa méjèèjì pọ̀.

Ní ti "ìdìbò tipátipá", ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹjọ́ kí òǹkàwé tó gbọ́ tẹnu òfin. Nígbà tí Ọsirélíà ṣe irú òfin yìí ní 1924, iye àwọn tó jáde dìbò, tí kò tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1922, kọjá ìdá 91 ní 1925. Ẹnìkan lè rí èyí bí àǹfààní, kí ẹlòmíràn rí i bí ìfipámúni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ láti yan ọ̀kan fún wa. "Ìdìbò ọ̀ranyàn" kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kódà ìyẹn ṣì sọ ju ohun tí òfin ń ṣe lọ díẹ̀, nítorí pé ìbò jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan kọ nǹkan sí ìwé rẹ̀ tàbí ó ká a sínú àpótí ní òfìfo. Wíwá rẹ̀ síbi ìdìbò nìkan ni òfin lè bi í léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé lè kọ "ìjáde-dìbò ọ̀ranyàn", bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

"Jẹrimándà" ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n ìtàn ló wà nínú èyí, kò sí ìtumọ̀. Ní 1812, Elbridge Gerry tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó pín àwọn ẹkùn ìdìbò lọ́nà tí yóò ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ láǹfààní, ìwé ìròyìn kan ní Boston ya ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn náà bí ẹ̀dá abàmì tó jọ alángbá, ni wọ́n bá so orúkọ gómìnà mọ́ ti ẹranko náà, "salamander" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò mọ Gerry, tí kò sì mọ ẹranko náà, kò ní rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Yorùbá ti ní "yẹ ààlà" tipẹ́, òun ni mo fi ṣe "ìyẹ-ààlà", kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò mọ̀ pé wọ́n ti fi ọgbọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ wo bí ó ṣe ń rí nínú ìdìbò. Ká ní olùdìbò 500 wà, tí 300 ń ṣe ẹgbẹ́ kan, tí 200 ń ṣe ẹgbẹ́ kejì, tí a sì fẹ́ pín wọn sí ẹkùn márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní 100. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kejì ló mú kálámù lọ́wọ́, ó lè fi 55 nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́ta, kí ó dá 35 tó kù sínú ẹkùn méjì yòókù láàárín alátakò 165. Yóò wọlé ní mẹ́ta nínú márùn-ún láìjí ìwé ìbò kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí n kò fi gba "èrú ìbò" tí àwọn kan fẹ́ kí a lò fún un, nítorí pé ìyẹ-ààlà lè bá òfin mu pátápátá. Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé pípín ẹkùn láti ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan lóore kì í ṣe ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lè dá. Nígbà tí àwọn olùdìbò Arizona ní 2000 àti ti California ní 2008 gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, tí wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ tó dá dúró, kì í ṣe ìyẹ-ààlà ni ìgbìmọ̀ náà ń ṣe, "ìpààlà" lásán ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kí a ní, kí ẹni tó ń pa ààlà tó tọ́ má baà jẹ́ orúkọ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́.

Àríyànjiyàn tó dùn jù ni ti "àṣàyàn" inú "àpéjọ àṣàyàn ará ìlú". Ní 2004, ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà kó ènìyàn 160 jọ pẹ̀lú alága kan láti sọ irú ètò ìdìbò tó yẹ ìpínlẹ̀ náà. Ìbò aṣípò ni wọ́n dábàá, ìdá 57.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò sì fọwọ́ sí i ní 2005, ṣùgbọ́n ìdá 60 ni òfin béèrè, nítorí náà àbá náà kò wọlé. Ireland fi irú ọ̀nà kan náà kó ènìyàn 99 jọ ní 2016. Kò sí ẹni tó ṣa àwọn ènìyàn wọ̀nyí; orúkọ wọn ló kàn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tí yóò kàn. Ohun tí a bá sì pè ní àṣàyàn, a ti wò ó fínnífínní kí a tó mú un. Àkíyèsí kan tó wáyé dára púpọ̀: ìbò fúnra rẹ̀, kí ó tó di ti òṣèlú, irú ọ̀nà yìí gan-an ni, a sì máa ń sọ pé "ìbò mú lágbájá" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ tàbí kọ̀ ọ́. Ó wù mí kí a lè dá ìtumọ̀ yẹn padà. Kò ṣe é ṣe mọ́, nítorí pé ẹni tó bá ka "ìgbìmọ̀ tí ìbò mú" lónìí yóò rò pé wọ́n polongo, wọ́n sì wọlé. Kèké ló kù fún wa: "ìgbìmọ̀ ará ìlú tí a fi kèké yàn", àti "ìfikèkéyàn" fún ìlànà náà. Àwọn tó ní kèké ń rùn tẹ́tẹ́ kò tíì yí mi lọ́kàn padà. Èrè ni ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ń wá, ẹni tó ń ṣẹ́ kèké kò fẹ́ kí ojúsàájú ráyè ni.

"Ará ìlú" pàápàá kò gbọdọ̀ di ọ̀kan náà pẹ̀lú "ọmọ orílẹ̀-èdè". Láti 1975 ni New Zealand ti fún àwọn àjèjì tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ará ìlú ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ó ku "ìbò ìkọ̀". Íńdíà fi irú àyè yìí sí ẹ̀rọ ìdìbò ní 2013 lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pa á láṣẹ. Àmọ́ nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn, bí àwọn tó tẹ bọ́tìnnì náà bá tilẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó yan olùdíje èyíkéyìí lọ, olùdíje tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò wọlé síbẹ̀. A ka ìbò náà, ṣùgbọ́n kò kọ ẹnikẹ́ni. A kò sì lè pè é ní "ìbò òfo", nítorí pé ìbò tó bàjẹ́ ni a ti ń pè bẹ́ẹ̀. "Ìbò kò-sí-nínú-wọn" ni mo dábàá. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ṣòfin pé kí a tún ìdìbò ṣe nígbà tí irú ìbò bẹ́ẹ̀ bá borí, "ìbò ìkọ̀" yóò tọ́ sí tiwọn, a kò sì ní pe ohun méjì ní orúkọ kan.